Àánú Nìkan Kò Lè Kọ́ Ọmọ

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ wò.

Etí àbúrò mi kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Ní pírámárì kejì, olórí kunkun ni wọ́n ń pè é, torí tí wọ́n bá pè é, kì í dáhùn. Nígbà tó dé kíláàsì kẹta, olùkọ́ mìíràn mú un jókòó níwájú; wọ́n máa ń kọjú sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kí táàmù yẹn tó parí, ó ti ń kàwé. Mo rò pé àánú ló ṣe wọ́n. Wọ́n ní rárá o, àwọn kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni.

Níbo? Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Ọdún 3 ni NCE. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka rẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ gba dìgírì. Ẹni tó máa kọ́ afọ́jú á kọ́ Braille, àmì kéékèèké tó yọ sókè, tí wọ́n ń fi ìka kà. Ẹni tó máa kọ́ adití á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀.

Òfin tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2019 ní kí aláàbọ̀ ara kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ò bá sí, ọmọ náà á kàn máa wọ yunifọ́ọ̀mù lọ jókòó ni.

Èmi ti pinnu. Ìwọ ńkọ́? Kí JAMB tó dé, bẹ̀rẹ̀ báyìí: tí ẹnì kan ní kíláàsì ò bá dá ẹ lóhùn, má tíì bínú. Lọ síwájú rẹ̀, kó rí ẹnu ẹ, kó o tún un sọ.