Òróró àti Ejò Idẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń rí i lemọ́lemọ́: ìgò òróró lábẹ́ ìrọ̀rí, áńkáṣíìfù wòlíì nínú àpò, eruku sì ti bo Bíbélì. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Mósè rọ ejò idẹ. Àwọn tí ejò bù jẹ wò ó, wọ́n yè. Nígbà tó yá, Ísírẹ́lì ń sun tùràrí sí i, àfìgbà tí Ọba Hesekáyà fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18:4).

Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró ṣe lè di òrìṣà. Ẹ fi ìgò yẹn sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ ìdánwò. Bí àyà yín bá já, ẹ ti mọ ohun tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mi ò ní kẹ́ ẹ da òróró nù o. Bí ara ò bá yá, ẹ pe àwọn alàgbà ìjọ kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì fi òróró kùn yín, bí Jákọ́bù 5:14 ṣe wí.