Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n tí Ìròyìn Òfegè Lé Jáde Nílé

Ìbéèrè: Lẹ́yìn ikú bàbá yín, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin gba ìròyìn òfegè orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́, ó sì bá ará ilé jà. Kọ lẹ́tà sí i láti pè é padà.

Ìtọ́sọ́nà: Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni èyí. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́, pẹ̀lú déètì. Ẹ̀gbọ́n ni ò ń kọ̀wé sí: “ẹ” ni kí o lò, má ṣe lo “o”. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni. Kọ́kọ́ bá a dárò kí o tó bá a jiyàn.

Àpẹẹrẹ:

Ojúlé Kẹrin,
Òpópónà Ọjà,
Ìkirè.
5 Oṣù Kejìlá, 2021.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara ìyá wa kò fi bẹ́ẹ̀ le. Láti ìgbà tí ẹ ti bínú jáde, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ tiyín sọ́tọ̀.

Ikú Bàbá dùn wá púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kú ní oṣù Kìíní, òfin àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ẹ̀yin àkọ́bí wọn fọwọ́ kàn wọ́n títí ilẹ̀ fi gbà wọ́n. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni egbò náà wà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ rí lórí WhatsApp, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ni ó pa Bàbá, àti pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì mọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí a fi oṣù àti ọjọ́ wò ó. Oṣù Kìíní ni Bàbá kú. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún yìí ni ọkọ̀ òfurufú já abẹ́rẹ́ náà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, sí Àbújá fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ní tiwa yìí, ọmọ ti kú kí àjẹ́ tó ké.

Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé lóru pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún. Bàbá gba ife lọ́wọ́ yín, wọ́n ní, “Ta ni ó kọ ọ́? Báwo ni ó ṣe mọ̀?” Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ nínú ìwé ìròyìn pé omi iyọ̀ náà pa àwọn kan. Ìbéèrè Bàbá ni mo ń bi yín lónìí.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè wọ yàrá Bàbá ní ilé ìwòsàn, Àǹtí ni ó di ọwọ́ wọn mú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Bàbá, Àǹtí ni kí ẹ bi, kì í ṣe fóònù.

Oṣù tí ń bọ̀ ni ìrántí ọdún kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sílé.

Èmi ni àbúrò yín,
Ìdòwú.

Àkíyèsí: Ìdòwú kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpùrọ́ níbì kankan. Déètì méjì péré ni ó fi tú irọ́ náà, ó sì fi ọ̀nà àbọ̀wálé sílẹ̀ fún un. Olùyẹ̀wò a máa fi máàkì fún irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ju èébú lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ èsì tí ẹ̀gbọ́n náà yóò fi ránṣẹ́ padà.