Àìsàn Tí Ó Hàn: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Pé Ara Àgbò Tàbí Ewúrẹ́ Wa Kò Yá



 Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń ṣe, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni a ó ti kọ́ ọ, níbi tí a so ẹran mọ́.

Bí Iléyá ṣe ń súnmọ́ ní ọdún kan, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú ní ìdájọ́ ẹran tí a fẹ́ pa. A dé orí hádíìsì tí Bara'u ọmọ Azib gbà wá, nípa àléébù mẹ́rin tí kì í jẹ́ kí ẹran tó fún Iléyá: ojú kan tí ó fọ́, àìsàn, ẹsẹ̀ títiro, àti rírù tí kò jẹ́ kí mùdùnmúdùn kù nínú egungun. Mo ṣàlàyé pé àwọn àléébù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó hàn. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní: "Alfa, ẹ jọ̀wọ́, ojú tó fọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń tiro, gbogbo wa la máa rí i. Àìsàn ńkọ́? Báwo ló ṣe ń hàn lára ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀?" Mo mọ ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹran. Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà, lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹran àti lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tí ń sin ewúrẹ́, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹran a máa fi àìsàn pamọ́. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ẹranko búburú ti ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́ jẹ, èyí tí ó bá sì fi hàn láàárín agbo pé ó ti rẹ òun ni wọ́n máa ń lé mú. Nítorí náà yóò máa dúró, yóò máa tẹ̀lé àwọn yòókù, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nígbà tí yóò bá fi dùbúlẹ̀ tí gbogbo ilé yóò fi rí i, ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ tètè mọ̀ ni ẹni tí ó mọ bí ẹran náà ṣe ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ yá.

Àgbò tí ara rẹ̀ yá a máa dìde bí ó bá ti gbọ́ ìró abọ́. Bí ó bá jẹun tán, a dùbúlẹ̀, a sì máa jẹ àpọ̀jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ a máa jábọ́ ní hóró-hóró. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lósì, níbi kòtò tí ó wà lẹ́yìn egungun ìhà: ẹ ó rí i pé ikùn ń yí lábẹ́ ọwọ́ yín, bíi ẹ̀ẹ̀ 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá yí mọ́, tí ẹran kò sì jẹ àpọ̀jẹ, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí ẹ̀gbẹ́ òsì náà bá wú tí ó le bí ìlù, wákàtí díẹ̀ ni ó lè kù fún un.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àgbò tiwa. Àwa alfa márùn-ún ni a dá owó rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi so ó, àgbàdo gbígbẹ àti èérí ọkà ni a ń fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, koríko kò tó nǹkan, nítorí a fẹ́ kí ó sanra. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fún ara rẹ̀, ó ń ju ìrù. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìgbẹ́ ni kò jáde. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì kò jẹun, ó ń lọ eyín, ó ń yíjú wo ikùn ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, abẹ́ ikùn rẹ̀ wú, kí dókítà ẹran tó dé ó ti kú. Dókítà ní òkúta wẹ́wẹ́ bí iyanrìn ni ó dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà yìí tẹ́ẹ́rẹ́ lára akọ ẹran, oúnjẹ oníhóró tí ó pọ̀ jù láìsí koríko àti omi tí ó tó ni ó sì sábà máa ń fà á. Ó wá bi wá léèrè pé ọjọ́ wo ni a rí ìtọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Nínú àwa márààrún, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí ràkúnmí kan tí ebi ti mú kí ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn bẹ̀rù Ọlọ́hun nípa àwọn ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwa kò fi ebi pa tiwa, àjẹjù ni a fi pa á. Ọ̀rọ̀ náà ṣì bá wa wí.

Ojú tún ń sọ púpọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ẹ̀jẹ̀ wà lára. Bí ó bá funfun bí òwú, ó ṣeé ṣe kí aràn kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn ti gba ẹran náà, pàápàá ní ìgbà òjò. Ní South Africa, wọ́n ṣe páálí kan tí ó ní àwọ̀ márùn-ún, tí àgbẹ̀ lè fi wé ìpéǹpéjú ẹran rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni FAMACHA. Bí aràn náà bá ti pọ̀ jù, abẹ́ àgbọ̀n ẹran a máa wú, a sì so bí àpò. Ẹran tí ó ń jẹun ṣùgbọ́n tí ó ń rù lè jẹ́ ti aràn yìí, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rá pió-wọ́tà tí ó ń ṣà jẹ ní títì ni ó kún inú rẹ̀.

Èyí tí ó ń pa ewúrẹ́ ilẹ̀ wa jù ni àrùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní kàtá. Omijé ni yóò kọ́kọ́ máa jáde, pẹ̀lú ikun imú tí ó dà bí omi. Lẹ́yìn náà ikun náà yóò ki, yóò gbẹ mọ́ ihò imú. Ara yóò gbóná, egbò yóò yọ lẹ́nu, ẹnu yóò máa rùn, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ yóò tẹ̀lé e. Ní ọdún 1942 ni a kọ́kọ́ kọ nípa àrùn yìí, ní Côte d'Ivoire. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè gbá agbo kan lọ. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, a sì ṣe èyí tí ó gbajúmọ̀ jù láti ara kòkòrò àrùn tí a gbà lára ewúrẹ́ ní Nàìjíríà níbí ní ọdún 1975. Ó máa ń dáàbò bo ẹran fún ọdún 3, ó kéré tán. Ọjà ni kàtá sábà máa ń bá wọlé, nítorí náà ẹ má ṣe so ẹran tuntun mọ́ ti ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ní ti ìgbóná ara, ti ẹran wọ̀nyí ju tiwa lọ, nítorí náà etí gbígbóná nìkan kò tó ẹ̀rí. Bíi 38.5 sí 39.5 ni ti ẹran tí ara rẹ̀ yá. Bí ó bá ju 40 lọ nígbà tí ẹran náà wà nínú ibòòji, ibà ni.

Ẹran tí ó bá ṣàdéédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì ń jáde ní imú àti ìdí rẹ̀, ẹ má ṣe là á, ẹ má ṣe bó o, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ ántíráàsì, èyí sì ń pa ènìyàn. Ní oṣù July ọdún 2023 ni a rí i lára ẹran ní oko kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn aláṣẹ ni kí ẹ ránṣẹ́ pè.

Bí ẹ bá rí àmì kan, ẹ ya ẹran náà sọ́tọ̀, ẹ fún un ní omi àti koríko, kí ẹ pe dókítà ẹran. Kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn, ìgbà tí ó tọ̀, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀yin arábìnrin wa sábà máa ń mọ èyí jù wá lọ, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń gbá ìdí ẹran. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin tí kò wọ ibẹ̀ rí gba ọ̀rọ̀ náà sọ fún yín.

Ẹni tí àgbò rẹ̀ ṣàìsàn lẹ́yìn tí ó ti rà á, kí ó bi alfa rẹ̀ léèrè. Àwọn onímọ̀ kan gbà á bí kò bá jẹ́ àìbìkítà ni ó fà á, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ alfa ilẹ̀ wa ń tọ̀, kò tó fún Iléyá bí àìsàn náà bá ṣì hàn lára rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ dúńbú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́, ẹ ka ara ìgò oògùn náà. Àwọn kan wà tí a kọ sí ara wọn pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran náà kí ọjọ́ 28 tó pé. Bí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.