Ẹ Gbé Omi Yín Dání

Ẹ̀yin ọmọ Àjàó Estate tó ń fi ìdájí sáré, ẹ gbọ́ o. Eré Màrátọ́ọ̀nù Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, gùn ju kìlómítà 42 lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ń lọ lọ́wọ́ òfo, pé wọ́n á pín omi lọ́nà.

Ní eré màrátọ́ọ̀nù Chicago, lóṣù kẹwàá 2007, ooru dé 31°C. Omi tán láwọn ibùdó kan kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní láti dá eré náà dúró. Chicago ni o, ìlú ńlá!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ki píọ̀wọ́tà méjì bọ ìbàdí. Ẹ kọ nọ́mbà fóònù ará ilé yín sẹ́yìn nọ́mbà eré tó wà láyà yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó síbi ibòji, ẹ pe èèyàn.

Ẹ má tijú rárá.