Ṣé Arán Ni, àbí Ọkàn Màmá Ló Rẹ̀wẹ̀sì?

"Dókítà, màmá mi ti ń ṣarán." Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan wí fún mi ní kílíníìkì àwọn àgbàlagbà. (Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ni dókítà lójú àwọn èèyàn wa.) Màmá ti lé ní 70 ọdún. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo la wà nínú ọ̀sẹ̀. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi." Mo béèrè orúkọ ọjà tó súnmọ́ ilé wọn. "Mi ò mọ̀. Orí mi ò gbé nǹkan mọ́." Mo ti fẹ́ kọ arán sínú ìwé nígbà tí ọ̀gá mi bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan péré: "Láti ìgbà wo?" Ó ní kò ju oṣù mẹ́ta lọ, lẹ́yìn tí bàbá kú.

Ìdáhùn yẹn ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Arán kì í sábà sáré dé. Ńṣe ló máa ń yọ́ wọlé fún ọdún bíi mélòó kan, débi pé ará ilé kì í lè sọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀lé àrùn rọpárọsẹ̀ lè dé lójijì, nítorí náà ẹ má gbàgbé láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní tirẹ̀ sábà máa ń ní ìgbà tí a lè nawọ́ sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fetí sí bí aláìsàn ṣe ń dáhùn, kì í ṣe ohun tó dáhùn nìkan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í gbìyànjú: "mi ò mọ̀" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ráhùn jù nípa ìgbàgbé. Bàbá tó ní arán yóò gbìyànjú, yóò sì ṣì í. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ọdún tí a wà, wọ́n lè rẹ́rìn-ín kí wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n ni?" Ìyàwó wọn ló máa ń ké gbàjarè. Ẹ tún fún aláìsàn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó rántí. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ ta á lólobó: "Èso ni." Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń rántí, ẹni tó ní àrùn Alzheimer, olobó kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Àwọn àgbà wa kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. "Orí mi ń gbóná," "nǹkan ń rìn nínú orí mi," "oorun ò kùn mí": ohun tí ẹ ó gbọ́ nìyẹn. Ẹ béèrè nípa oúnjẹ àti oorun, kí ẹ sì béèrè tààrà bóyá ikú ń wù wọ́n. Bíbéèrè kò fi èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Ìdánwò MMSE tí Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1975 ní máàkì 30, ṣùgbọ́n ó ń béèrè kíkà àti kíkọ. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé lè fìdí rẹmi láìní arán rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí Ìbàdàn fi ń bi ará ilé léèrè pẹ̀lú, tí wọ́n sì lo igi ìṣáná dípò ìdánwò yíya àwòrán. Ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì, GDS kúkúrú ní ìbéèrè 15, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A lè fi ẹnu bèèrè rẹ̀.

Kiloh kọ̀wé nípa "pseudodementia" ní 1961. Èmi ò fẹ́ràn orúkọ náà, nítorí ìgbàgbé ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe irọ́. Àwọn méjèèjì tún lè wà lára ẹnì kan, ìrẹ̀wẹ̀sì tó kọ́kọ́ yọjú lọ́jọ́ ogbó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé arán ń bọ̀. Kí ẹ tó pinnu, ẹ yẹ etí wò, ẹ yẹ tárọ́ọ̀dù àti B12 wò, kí ẹ sì wo oògùn tó wà nínú báàgì wọn. Amitriptyline tí a ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì lè mú ìgbàgbé àgbàlagbà burú sí i. Bí iyè bá sì dàrú láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ wá ibà, àkóràn tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ kíákíá.

Màmá gba ìtọ́jú, wọ́n sì padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Kí n tó jókòó, wọ́n ní, "Ọjà Ọjẹ́ ni o, ọjọ́ yẹn tí o bi mí." Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ṣì ń rú wọn lójú. Ọ̀gá mi ní ká tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.