Kó Kọ́kọ́ Wà Láàyè Ná: Ẹ̀kọ́ fún Ilé Tí Oògùn Ti Di Bárakú

 

Ẹ̀kọ́ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ níta. Ìyá kan ló jẹ́ ká pinnu láti kọ ọ́. Ó wá bá wa nídìí tábìlì tá a ti ń gba àwọn ará nímọ̀ràn lórí gbèsè, ó gbé àpò ọ̀rá kan dání, ìwé owó ilé àti ìwé káńsù ló kún inú ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì já. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Owó tó ń wọlé fún un kò kéré, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ń pòórá. Nígbà tá a bi í léèrè lẹ́ẹ̀kẹta, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ń gba owó náà, tramadol ló ń fi í rà. Ó ní òun ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò sì lè sọ fún GP, kí wọ́n má baà wá mú ọmọ òun lọ.

Àwa tá a kọ́ṣẹ́ ìṣírò owó mọ̀ pé bí òwò bá ń pàdánù, ibi tó ń jò lèèyàn kọ́kọ́ ń dí, kó tó máa ronú èrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn tó ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa dídín ewu kù. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé, bí ẹni náà ò bá tíì lè jáwọ́ lónìí, ẹ jẹ́ ká rí i pé ó wà láàyè dọ̀la, torí alààyè nìkan ló lè jáwọ́.

Ẹlòmíì á ní, ṣé kì í ṣe pé à ń kẹ́ wọn bà jẹ́ nìyẹn? Ìbéèrè ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1980 sí 1986, nígbà tí àrùn éèdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀, abẹ́rẹ́ tuntun ṣòro rí ní ìlú Edinburgh, àwọn tó ń gún heroin sára sì ń pín ẹyọ kan lò. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ilé ìwòsàn GP kan níbẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó ti kó kòkòrò HIV. Ní 1986, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò lọ́wọ́ wọn ní Liverpool, wọ́n sì ń fún wọn ní tuntun. Nígbà tó di 1988, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba ilẹ̀ yìí nímọ̀ràn lórí oògùn olóró kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ewu HIV fún ará ìlú ju ewu oògùn fúnra ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ pípààrọ̀ abẹ́rẹ́ ti gbilẹ̀, títí kan àwọn kẹ́mísìtì kan tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n láàárín tiwa, abẹ́rẹ́ kọ́ ló sábà máa ń dé iwájú wa. Oníhóró ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tó kan ọdún 2018, sọ pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan; mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo irú tramadol àti codeine láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2018 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ níbí ni pé láti oṣù kẹfà ọdún 2014, tramadol wà lára oògùn tí òfin ilẹ̀ yìí ń ṣọ́. Ẹni tí dókítà fún lè mú tiẹ̀ bọ̀ láti ilé, bí kò bá ju èyí tó máa lò fún oṣù mẹ́ta lọ, kó sì mú ìwé dókítà dání. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti Lagos bá yín mú káàdì méjì wá fún ẹ̀yìn tó ń dun àǹtí, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn lábẹ́ òfin o, bó ti wù kí inú yín dára tó.

Ewu míì wà níbẹ̀. Kápúsù tí wọ́n sábà ń fún èèyàn níbí jẹ́ 50 mílígíráàmù. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà máa ń jẹ́ 225, nígbà míì 250, bẹ́ẹ̀ NAFDAC kò fọwọ́ sí ohun tó ju 100 lọ. Ẹni tó bá ń ka iye hóró, tí kò wo agbára ẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń ka owó láìwò bóyá náírà ni tàbí pọ́n-ùn. Èyí tí wọ́n ń rà lójú pópó tún burú jù. Láti nǹkan bí 2021 ni wọ́n ti ń rí nitazene nílẹ̀ yìí nínú àwọn ayédèrú oògùn, díẹ̀ bíńtín nínú ẹ̀ sì lè dá èémí dúró. Ojú kò lè dá a mọ̀.

(Ká má sì máa tọ́ka sí ọmọ nìkan. Co-codamol wà nínú àpamọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà. Èyí tí kẹ́mísìtì ń tà láìsí ìwé dókítà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ní ká lò ó mọ. Codeine inú ẹ̀ lè di bárakú, paracetamol inú ẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ jù.)

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tó ń pani nílé gan-an. Ọmọ wọlé, ó sùn, ó ń han-anrun lọ́nà tó ṣàjèjì. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ojú ẹ̀ á dá tó bá jí." Kò ní jí nígbà míì. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ sókè, ẹ mi èjìká ẹ̀. Bí kò bá dáhùn, bí èémí ẹ̀ bá ń falẹ̀ tàbí tó ń dá dúró, bí ẹyinjú dúdú ẹ̀ bá kéré bí orí abẹ́rẹ́, ewu ti dé. Ìwé á máa sọ pé ètè á di aró. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìyẹn kì í tètè hàn. Inú ètè, ẹran eyín, àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná ni kẹ́ ẹ wò, wọ́n á rí bí eérú.

999 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kẹ́ ẹ tó pe pásítọ̀, kẹ́ ẹ tó pe ẹ̀gbọ́n ní Peckham. Ẹ sọ pé kò jí, kò sì mí dáadáa. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. A mọ̀ pé nílé, epo pupa ni ìyá wa máa ń sáré mú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ má gbé e sínú omi tútù. Bó bá ṣì ń mí, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, kí èébì má baà há a lọ́fun. Bí kò bá mí mọ́, ẹni tó gbé fóònù 999 á sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ máa gbọ́ tiẹ̀.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó máa ń lé agbára tramadol, codeine, heroin àti irú wọn kúrò, kí èémí lè padà. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú wà, tabẹ́rẹ́ náà wà. Láti 2005 ni òfin ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti fún ẹni tó ń kú lọ ní abẹ́rẹ́ naloxone. Láti 2015, iṣẹ́ ìtọ́jú oògùn lè kó o lé ìyá tàbí àbúrò lọ́wọ́ láìsí ìwé dókítà, wọ́n sì tún mú àwọn tó lè pín in pọ̀ sí i ní oṣù kejìlá 2024. Bó bá jẹ́ nǹkan míì lẹni náà lò, naloxone kò ní ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní pa á lára. Ẹ rántí pé agbára ẹ̀ lè tán láàárín ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀, nígbà tí oògùn tó gbé mì ṣì wà lára. Bó bá jí tó ní òun ti dáa, ẹ má jẹ́ kó jáde lọ. Ẹ jókòó tì í títí áńbúláǹsì á fi dé.

Ọtí ńkọ́? Òfin kò dè é, wọ́n sì ń pín in káàkiri nílé ayẹyẹ wa. Ìmọ̀ràn ìjọba láti 2016 ni pé kéèyàn má mu ju yúnítì 14 lọ lọ́sẹ̀. Ìgò whisky ńlá kan jẹ́ yúnítì 28. Ohun tá a fẹ́ tẹnu mọ́ nìyí: ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó mu, ẹ má ní kó jáwọ́ lójijì. Gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Kó gbàdúrà, kò burú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ rí dókítà, kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ní ti owó, a ò ní kẹ́ ẹ lé ọmọ síta. Ẹ dá fífún un ní owó sọ́wọ́ dúró. Ẹ ra oúnjẹ, ẹ bá a fi owó sórí káàdì bọ́ọ̀sì. Gbèsè olóògùn ò kan ìwé owó ilé yín: owó ilé, owó-orí káńsù, iná àti gáàsì ló ṣáájú. Láti oṣù karùn-ún 2021, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Breathing Space, tó ń fún onígbèsè ní ọgọ́ta ọjọ́ tí ẹni tó jẹ ní gbèsè kò ní lè máa fi èlé kún un tàbí máa lé e kiri. Agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè ló ń báni gbà á.

Ìbẹ̀rù ìyá yẹn ńkọ́, pé wọ́n á mú ọmọ òun? Iṣẹ́ ìtọ́jú oògùn kì í ṣe ọlọ́pàá. Káńsù ló ń sanwó ẹ̀, èèyàn sì lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Wọn kì í ròyìn pé ẹnì kan ń lo oògùn. Àmọ́ ká sọ òótọ́, bí ọmọdé bá wà nínú ewu tàbí tẹ́nì kan fẹ́ ṣe ara ẹ̀ léṣe, wọ́n lè sọ ọ́. Ẹ ò nílò ìwé ìgbélùú kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ béèrè láìdárúkọ, Frank wà lórí 0300 123 6600.

Ìyá yẹn gbà naloxone. Inú àpótí aṣọ tó wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló fi í sí, àbúrò ọmọ náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń fín in. Ọmọ ọ̀hún ò tíì jáwọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ń lọ rí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀. Owó ilé ti ń lọ déédéé láti oṣù kẹta sẹ́yìn. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà nílé tiyín, ẹ kó o wá, títí kan èyí tẹ́ ẹ ò tíì já.