Owó Ọ̀yà Ẹni Tó Ń Bá Ni Ta Mọ́tò

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí àwọn tí ń bá olówó ta mọ́tò tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì, láti Ìkòròdú gba Ìtòìkín títí dé Ẹ̀pẹ́.

Púpọ̀ nínú wọn kò ní owó oṣù. Ọ̀gá á ní, "Iye báyìí ni tèmi, ohun tí o bá rí lé e, tìrẹ ni." Wọn á fọ mọ́tò láàárọ̀, wọn á dúró nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Bí oníbàárà kò bá wá, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé relé. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí mọ́tò sì wọ́n, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní jẹun àfi tó bá tà, ó rọrùn fún un láti bo àléébù ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀.

Ṣé òfin kò gbà wọ́n ni? Òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di 70,000 náírà lọ́dún 2024, yọ ẹni tí ń gba kọmíṣọ̀n sílẹ̀, ó sì yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. (Ibi ìta-mọ́tò mélòó ládùúgbò wa ló ní 25?) Àdéhùn ẹnu wọn nìkan ló kù.

Ibn Abbas kò rí aburú nínú kí a ní kí ènìyàn bá wa ta aṣọ, kí ohun tó bá lé ní iye tí a dá jẹ́ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn kórìíra rẹ̀, nítorí pé ọ̀yà tí a kò mọ iye rẹ̀ ni. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ló dáàbò bo aláìní jù lónìí. Nígbà tí Ànábì Mùsá gba iṣẹ́ ní Madyan, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n jọ dá. Bí ó bá pé mẹ́wàá, oore tirẹ̀ ni. Ohun tí yóò gbà náà hàn sí i.

Èyí tó burú jù ni ọ̀gá tó yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn títà: "Ọ̀rẹ́ mi ni oníbàárà yẹn." Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún wa pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò bá ẹni tó lo òṣìṣẹ́ tán tí kò san owó rẹ̀ ṣẹjọ́.

Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀, béèrè: èló lórí mọ́tò kan? Ọjọ́ wo ni wọn yóò san án? Bí ẹni méjì bá dá oníbàárà lóhùn, ta ló ni ín? Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ tí ọjà kò tà ńkọ́? Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ fi kún un pé ẹ kò ní dá nìkan bá oníbàárà wa mọ́tò wò. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bí Sùúrà Bákárà ti pàṣẹ nípa gbèsè, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ibi ìta-mọ́tò láàárín wa, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹ ṣe é kí mọ́tò tó kàn tó wọlé.